Súìṣì Gidi, Bàálù Pákó: Ohun Tí Ojú Wa Rí ní Ìkọ̀tún

Ní alẹ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wa Boeing 737 láti Ìkẹjà lọ sí Ìlọrin. Ó gbéra dáadáa, ó fò dáadáa. Nígbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀, ó fa ọwọ́ táyà wálẹ̀, ọwọ́ gidi tá a fi irin àti pákó ṣe. Èmi náà gbọ́ bó ṣe dún "kà!" Ló bá balẹ̀. Ikùn ni bàálù fi gbálẹ̀.

"Àǹkù, mo fà á wálẹ̀! Ẹ wò ó, ìsàlẹ̀ ló wà!"

Lóòótọ́, ìsàlẹ̀ ló wà. Ọwọ́ wà nísàlẹ̀, táyà wà lókè.

Kò sẹ́ni tó kú o. Inú iyàrá kan ní Ìkọ̀tún ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, lójú kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù, lẹ́yìn kọ́tìnnì tí ẹ̀gbọ́n mi fi pín iyàrá sí méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí èmi ni mo so wáyà ọwọ́ táyà náà. OND mi nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná ni, kó tó di pé ìròyìn gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ náà fọkàn tán mi.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹni tí ò bá tíì mọ̀. Símúlétọ̀ ni wọ́n ń pe ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń ṣe bíi bàálù. Èyí tá a lò ni FlightGear, ọ̀fẹ́ ni, kò sì bèèrè kọ̀ǹpútà olówó iyebíye bíi ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Gbogbo pápákọ̀ òfuurufú ńláńlá ilẹ̀ yìí ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà wà á, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá ń fi bọ́tìnnì tẹ "g" láti gbé táyà sókè, ìka rẹ kọ́ "g" ni, kò kọ́ táyà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan káàkiri ayé fi ń kan kọ́kípíìtì sílé, tí wọ́n ń wá súìṣì gidi sí i, èyí tí ọwọ́ lè bà nínú òkùnkùn kó sì mọ̀ pé òun nìyí.

Ọmọ ọdún 17 ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ṣe WAEC, ó ń retí JAMB. Ẹ̀gbẹ́dá ló gbé dàgbà kí wọ́n tó kó wá sí Ìkọ̀tún, ariwo bàálù Ìkẹjà ò sì fìgbà kan jìnnà sí etí ẹ̀. Awakọ̀ òfuurufú ló lóun fẹ́ ṣe. Màmá ẹ̀ gbà pé eré ni, ó sì ti bínú pé owó lẹ́sìnnì ń bá wáyà lọ. Ohun tó wí fún mi rèé, níwájú ọmọ: "Tó bá fi máa di ìparí oṣù, tí mi ò bá rí nǹkan gidi níbẹ̀, màá ní kí káfíńtà wá fi pákó yẹn ṣe ṣẹ́ẹ̀fù sí ṣọ́ọ̀bù mi." Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣàwàdà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Mi ò bá a jiyàn. Ìtàn kan ni mo sọ fún un, ó dákẹ́, ó ní òun gbọ́. Símúlétọ̀ tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ láyé, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe dùùrù ló ti jáde. Edwin Link, ọmọ Amẹ́ríkà, tí bàbá ẹ̀ ń ṣe dùùrù ní ìlú Binghamton, ló kó ẹwìrì àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi sínú dùùrù jọ, tó fi kan bàálù kékeré kan tí kì í kúrò nílẹ̀. 1929 nìyẹn. Ibi ìgbafẹ́ ló kọ́kọ́ ń tà á sí, tí àwọn ènìyàn ń san owó láti fi ṣeré. Ní 1934, ìjọba wọn gbé iṣẹ́ fífi bàálù kó lẹ́tà lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́, ni àwọn awakọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú kùrukùru, torí wọn ò mọ bí èèyàn ṣe ń wo aago inú bàálù wà á láìrí ìta. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí owó ra mẹ́fà lọ́wọ́ Link. Nǹkan ìṣeré ọjọ́ kìíní ló di olùkọ́.

Ó dáa, ká padà sórí súìṣì.

Èyí tó wà lára ògiri ilé yín náà ni. Irin méjì ni. Tí wọ́n bá kan ara wọn, iná á kọjá. Tí wọn ò bá kan ara wọn, iná ò ní kọjá. Oríṣi méjì ló kàn wá: èyí tó máa ń dúró síbi tó o bá fi í sí, bíi ti gílóòbù ilé, àti èyí tó máa ń padà sípò bí o bá ti mú ọwọ́ kúrò, bíi ti bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ súìṣì bàálù ló jẹ́ oríṣi àkọ́kọ́. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà sì jẹ́ oríṣi kejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ ni ikùn ti gbálẹ̀.

Súìṣì bàálù tòótọ́ wọ́n púpọ̀, ibi tá a ti máa rí i gan-an ò sí. Ládìpọ̀ la gbà lọ, nítorí ohun tí ọkọ̀ ilẹ̀ ń lò ò jìnnà sí ohun tá a fẹ́: súìṣì irin tó ń dún "kà", ihò kọ́kọ́rọ́, bọ́tìnnì oríṣiríṣi. Bàálù kékeré Cessna 172, tá a fi bẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń ṣáná sí i bíi mọ́tò. Ó ní ibùdó márùn-ún: pípa, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, méjèèjì pọ̀, àti ìṣáná. Ti mọ́tò tá a rà ní mẹ́rin péré, a ní láti fi ọ̀kan ṣàárà. Wáyà, Àlábà. Bọ́ọ̀dù, Computer Village. Àwọn súìṣì tó dáa jù tá a ní, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣa irin ní ààtàn Sólóùs ní Ìgàndò la ti rí wọn, lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ti kú. Súìṣì ayé àtijọ́ wúwo, ó nípọn, ó ń dún bí ẹni pé ó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ gbé mítà tí àwọn oníná fi ń dán wáyà wò dání. Ẹ fi sórí ibi tó máa ń hán "pííì", ẹ tan súìṣì, ẹ pa á, ní ìgbà mẹ́wàá. Èyí tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ dá a padà fún wọn.

Kọ̀ǹpútà ò mọ súìṣì, USB ló mọ̀. Nítorí náà ẹ nílò ògbufọ̀ láàárín wọn, bọ́ọ̀dù kékeré tí ò ju ìka méjì lọ. Arduino ni orúkọ tó gbajúmọ̀, ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2005, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó lásán: èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni Uno, Uno ò sì lè fúnra ẹ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà pé jóísítííkì lòun. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ni Leonardo tàbí Pro Micro, tí chip ATmega32U4 wà nínú ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti kì í bọ USB, tí ètò jóísítííkì wà lórí ẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbà pé jóísítííkì ló dé, súìṣì kọ̀ọ̀kan á sì di bọ́tìnnì ẹ̀ kan. Àwa ti ra Uno ká tó mọ̀. Ẹ má jù ú nù o, a máa rí iṣẹ́ fún un níwájú.

Pro Micro àkọ́kọ́ tá a ra, èmi ni mo pa á. Mo fẹ́ kí súìṣì kan ní iná tó ń tàn lẹ́yìn ẹ̀. Iná yẹn ti mọ́tò ni, 12 fóòtì, mo sì fà á láti ara bátìrì. Wáyà kan yẹ̀, ó kan bọ́ọ̀dù tí 5 fóòtì tó fún un láti gbé. Èéfín kékeré kan báyìí, òórùn kan báyìí, ó tán. Ọmọ náà wò mí. Mo wo òkè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gílóòbù lára súìṣì, LED kékeré ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú résístọ̀ tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi 5 fóòtì USB náà gbé e. Tí LED bá pọ̀, ẹ wá iná ọ̀tọ̀ fún wọn, nítorí USB 2.0 ò ṣe ìlérí ju 500 milliamp lọ. Iná NEPA ò gbọ́dọ̀ dé ara pákó yẹn rárá. Rárá ni mo wí.

Èkejì tá a rà la bẹ̀rẹ̀ sí í so súìṣì mọ́. Iṣẹ́ náà rọrùn: wáyà kan láti ihò bọ́ọ̀dù lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan súìṣì, wáyà kejì láti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ sí ibi tí wọ́n kọ GND sí. Sódà díẹ̀, ó parí. Àfi bí iná ìbalẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, tó ń kú, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí èèyàn bá kọjá lẹ́bàá ẹ̀, ó tàn. Bí ẹnì kan bá na ọwọ́ sí wáyà, ó kú. Ẹ̀gbọ́n mi yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó ní ká pe pásítọ̀.

Kì í ṣe ẹ̀mí àìrí. Tí súìṣì bá ṣí sílẹ̀, ihò bọ́ọ̀dù yẹn ò so mọ́ ohunkóhun, ó wà ní gbọnrangandan, gbogbo ariwo iná tó wà nínú iyàrá ló ń gbọ́: wáyà ògiri, ara èèyàn tó ń kọjá, ohun gbogbo. Kò mọ̀ bóyá "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lòun gbọ́. Ohun tó wo ìṣòro yìí sàn ni résístọ̀ kan tó ń rọra fà á sókè sí 5 fóòtì nígbà gbogbo, kó lè rí ibi fara tì. Inú chip náà ló ti wà, ẹ ò ní rà á. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ máa kọ sínú ètò yín, INPUT_PULLUP. Nígbà tí súìṣì bá ṣí, bọ́ọ̀dù á ka 1. Nígbà tó bá pa dé, GND á fà á wálẹ̀ sí 0. Ó yí padà sí bá a ṣe ń rò ó, títàn ni òdo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbàgbé ìyẹn.

Àwọn súìṣì wa di 31. Ihò tó ṣeé lò lórí Pro Micro ò sì tó 20. Kí la máa ṣe? Ẹ ronú sí ilé elérò púpọ̀. Lánlọ́ọ̀dù ò nílò orúkọ àwọn ayálégbé. Tó bá mọ àjà àti nọ́ńbà iyàrá, ó ti mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́ lówó. Bá a ṣe to súìṣì náà nìyẹn: ìlà mẹ́fà, òpó mẹ́fà, ihò 12 péré, àyè súìṣì 36. Bọ́ọ̀dù á pe ìlà kìíní, á wo òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á pe ìlà kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù yìí lè ṣìnà o. Ká ní iyàrá 1 àti iyàrá 2 ní àjà kìíní ti tàn, iyàrá 1 ní àjà kejì náà ti tàn. Iná lè gba àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí ká, kó jáde ní iyàrá 2 àjà kejì, bọ́ọ̀dù á wá sọ pé ó tàn, nígbà tí súìṣì ibẹ̀ wà ní pípa. Lórí bọ́tìnnì ìkọ̀wé, ta ló máa ń tẹ mẹ́ta tó ṣe igun báyẹn lẹ́ẹ̀kan náà? Ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n súìṣì bàálù máa ń dúró ní títàn látìgbà tó o ti gbéra títí o fi máa balẹ̀, igun mẹ́ta kì í sì í ṣàìsí. Bá a ṣe tan bátìrì, ẹ̀rọ epo àti iná orí ìrù, ẹ̀rọ tó ń mú páìpù afẹ́fẹ́ gbóná náà tàn fúnra ẹ̀. Oògùn ẹ̀ ni dáyóòdù 1N4148, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún súìṣì kọ̀ọ̀kan. Dáyóòdù kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn. Ìlà dúdú tó wà lára wọn gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà, gbogbo wọn, láìyọ ẹnì kan. Ọmọ náà ló jókòó jó gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn, 31, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí mo lọ kọ ìròyìn gọ́tà tó kún ní Ìdímù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló gbé Boeing 737 fò, a fi ọwọ́ táyà kún un torí Cessna 172 kì í ká táyà ẹ̀ sókè. Ẹ sì ti gbọ́ bó ṣe parí.

Ohun méjì ló fa á, ó sì gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun kìíní ni pé súìṣì máa ń ta. Ẹ ju bọ́ọ̀lù sí orí sìmẹ́ńtì: kì í dúró lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń fò, fò, fò, kó tó dúró. Irin inú súìṣì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá kan ìkejì ẹ̀. Etí wa gbọ́ "kà" kan. Bọ́ọ̀dù tó yára jù wá lọ gbọ́ "kà-kà-kà". Gbogbo ẹ̀ kì í ju ìwọ̀nba ìdá ẹgbẹ̀rún mélòó kan nínú ìṣẹ́jú àáyá lọ, súìṣì ògbólógbòó Sólóùs sì ń ta ju tuntun lọ.

Ohun kejì, tó burú jù, ni àṣẹ tá a fún súìṣì náà. Nínú FlightGear, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ property-toggle. Ohun tó ń sọ ni "yí i padà": tó bá wà lókè, mú un wálẹ̀, tó bá wà nílẹ̀, gbé e sókè. Ó dùn ún lò nítorí ìlà kan ṣoṣo ló gbà. Àṣẹ bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀lì nìyẹn o, kì í ṣe ti súìṣì tó ń dúró. Nígbà tó fa ọwọ́ wálẹ̀, irin ta lẹ́ẹ̀kan. Bọ́ọ̀dù wí pé "yí i padà", táyà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ó tún wí pé "yí i padà", táyà padà sókè. Ọwọ́ wà nísàlẹ̀, ó ń parọ́ fún ọmọdé. Látìgbà náà ni ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ àti ohun tó wà lábẹ́ bàálù ti ń lọ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Títa yẹn rọrùn láti tún ṣe. A sọ fún bọ́ọ̀dù pé tó bá gbọ́ ìyípadà, kó má tíì sọ ọ́, kó dúró fún ìdá 20 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, kó tún wò ó. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, kó wá sọ. Èèyàn ò lè mọ̀ pé ó dúró.

Èkejì la ní láti tú palẹ̀. Dípò "yí i padà", a lo property-assign, tó túmọ̀ sí "fi í síbí". Nígbà tí ọwọ́ bá wà nísàlẹ̀, /controls/gear/gear-down gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Nígbà tí ọwọ́ bá kúrò níbẹ̀, kó di 0. Abẹ́ mod-up nínú fáìlì jóísítííkì la ti ń kọ ìyẹn. Bó bá wù kí irin ta nígbà ọgọ́rùn-ún, ibi tó bá parí sí ni bàálù máa gbà. Gbogbo súìṣì 31 la tún kọ báyẹn. Àwọn tó ń lo Microsoft Flight Simulator máa ń fi MobiFlight, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tàbí FSUIPC ṣe irú iṣẹ́ yìí. X-Plane náà ní àṣẹ tirẹ̀. Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, ìbéèrè kan náà lẹ máa bi àṣẹ tẹ́ ẹ bá yàn: ṣé "yí i padà" lò ń wí ni, àbí "fi í síbí"?

Ó ṣì ku ibì kan tí irọ́ lè gbà wọlé. Tẹ́ ẹ bá pa símúlétọ̀ nígbà tí súìṣì 12 wà ní títàn, tẹ́ ẹ wá ṣí i lọ́jọ́ kejì, bàálù lè jí pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ ní pípa. Ọmọ náà kọ páálí kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó: kí USB tó wọlé, fojú àti ọwọ́ ka gbogbo súìṣì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wà ní pípa. Mo rò pé ó ti ń ṣe ju bó ṣe yẹ lọ. Ló bá rán mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàálù Helios.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2005 ni, Boeing 737 náà ni, láti Larnaca ní Cyprus. Àwọn atúnṣe ti yí súìṣì kan tó ń darí afẹ́fẹ́ inú bàálù kúrò ní ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, kí wọ́n lè fi ṣe àyẹ̀wò. Wọn ò dá a padà. Àwọn awakọ̀ ka páálí tiwọn, ojú wọn kọjá lára ẹ̀. Bí bàálù ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́; fèrè ìkìlọ̀ dún, wọ́n rò pé ìkìlọ̀ mìíràn ni. Oorun àìmí gbé wọn lọ. Gbogbo àwọn 121 tó wà nínú ẹ̀ ló kú nígbà tó já lulẹ̀ ní Gíríìsì. Súìṣì kan o. Súìṣì yẹn ò parọ́ rárá, ibi tó wà gan-an ló ń fi hàn. Kò sẹ́ni tó wò ó ni. Mo fi páálí ọmọ náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la padà sórí Uno tí mo ní kẹ́ ẹ má jù nù. Súìṣì ni awakọ̀ fi ń bá bàálù sọ̀rọ̀. Kí ni bàálù fi ń dá a lóhùn? Iná ni. Lórí 737, iná aláwọ̀ ewé mẹ́ta wà fún táyà mẹ́ta. Ipò ọwọ́ kọ́ ni iná yẹn ń sọ, ipò táyà fúnra ẹ̀ ló ń sọ. Ká ní a ní i lálẹ́ Sátidé yẹn, ọmọ náà ì bá ti rí i pé òkùnkùn ló wà níbẹ̀, ì bá tún gòkè padà. FlightGear lè máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ síta nípasẹ̀ USB. Táyà kọ̀ọ̀kan ní position-norm tirẹ̀: 0 túmọ̀ sí pé ó wà lókè, 1 túmọ̀ sí pé ó ti sọ̀kalẹ̀ tán. Uno ń kà á. LED mẹ́ta, résístọ̀ mẹ́ta. Iná ò gbọ́dọ̀ tàn bí kò bá tíì pé 1, àní tó bá jẹ́ 0.9. Mo tẹnu mọ́ ọn.

A fi bọ́tìnnì kan sí i tó ń tan gbogbo LED lẹ́ẹ̀kan, láti mọ̀ bóyá èyíkéyìí ti kú. Ọjọ́ 29 oṣù kejìlá 1972 ló kọ́ ayé ní ìdí ẹ̀: Eastern 401 ń balẹ̀ ní Miami, iná táyà iwájú ò tàn. Táyà ti sọ̀kalẹ̀ o, gílóòbù ló jó. Gbogbo kọ́kípíìtì bá gbájú mọ́ gílóòbù, kò sẹ́ni tó rí i pé bàálù ti ń rọra wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Inú irà Everglades ló parí sí, àwọn tó kú lé ní 100.

Ohun tó ṣẹ́kù tí ọmọ náà fẹ́ ni súìṣì epo ẹ̀rọ méjèèjì, irú èyí tí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà sókè kó tó lè yí. Ẹ rántí Air India, oṣù kẹfà 2025, Ahmedabad. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí àwọn olùwádìí gbé jáde sọ pé súìṣì epo ẹ̀rọ kìíní yí sí pípa, ìkejì tẹ̀ lé e láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá kan, kò pẹ́ tí wọ́n gbéra. Lórí bàálù yẹn, fífà sókè yẹn ló ń dènà kí ọwọ́ èèyàn ṣèèṣì gbá a. A ò rí irú ẹ̀ rà. Ó gé agolo mílíìkì, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ṣe ìbòrí tó ní ìsopọ̀ bíi ti ilẹ̀kùn. O gbọ́dọ̀ ṣí i kí ọwọ́ rẹ tó dé súìṣì. Ó dára ju ohun tí mo ní lọ́kàn lọ.

Kí n sọ òótọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ronú sí i. Wákàtí tó o bá fi wa bàálù pákó ò wọ inú ìwé ẹ̀rí kankan. Símúlétọ̀ tí NCAA bá fọwọ́ sí nìkan ló ń kà. Tó o bá fẹ́ ṣe awakọ̀, ilé ẹ̀kọ́ ni, bíi ti Zaria, tó ti wà láti 1964, tàbí ti Ìlọrin níbí, owó ńlá sì ni wọ́n ń gbà. Mo ti sọ fún ọmọ náà. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n láàárín oṣù yìí òun ti mọ ohun tí résístọ̀ ń ṣe, tí olùkọ́ físíìsì òun fi ọdún mẹ́ta kọ sójú pátákó. Mi ò ní èsì.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, ẹ̀gbọ́n mi ti ṣọ́ọ̀bù dé, kò tíì bọ́ gèlè. Ó ní kí wọ́n fi han òun. Ìkẹjà sí Ìlọrin náà ni. Ọmọ náà ka páálí ẹ̀ sókè, ó ń fọwọ́ kan súìṣì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kì USB bọ̀ ọ́, ó gbéra. Iná NEPA lọ láàárín ọ̀nà, bátìrì kọ̀ǹpútà gbé e. Nínú òkùnkùn yẹn, LED wa nìkan ló tàn. Nígbà tí Ìlọrin yọ níwájú, ó na ọwọ́, kò wò ó, ó fa ọwọ́ táyà wálẹ̀. Kà.

Iná kan tàn. Èkejì tàn. Ẹ̀kẹta ò tàn.

"Mà á, ẹ má bínú," ló wí, ó sì ti bàálù padà sókè. Ó tẹ bọ́tìnnì ìdánwò: méjì péré ló tàn. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn pákó, ó wá wáyà kan tí sódà ẹ̀ ti jábọ́, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ kó wà. Ẹ̀kẹta tàn. Ó yí bàálù ká, ó padà wá balẹ̀, ọwọ́ kan lórí jóísítííkì, ọwọ́ kan lẹ́yìn pákó.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró pẹ́ díẹ̀. Ó wá tọ́ka sí súìṣì kan lókè, ó bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọmọ náà sọ fún un. Ó tún tọ́ka sí òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn títí iná fi dé, súìṣì 31, ó ń bèèrè bí ẹni tó fẹ́ rajà.

Ṣẹ́ẹ̀fù ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ṣì ń retí pákó. Wáyà ẹ̀kẹta yẹn, mo ti lọ jó o padà.